Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Olú Lórúkọ: Àgbéyẹ̀wò Lórí Olú Roboto ní Agbègbè Bìní

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta ní Ìlú Bìní, tí oòrùn sì ràn lé e, ẹni tó bá gba orí koríko kọjá ní agbègbè Ugbowo lè rí ohun funfun kan tó yọrí nílẹ̀ bí òkèlè iyán tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Kò ní agboòrùn lórí bí àwọn olú tí a mọ̀ dáadáa. Roboto ló ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: ó tutù, ó sì ki. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, awọ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bí ọmọ kan bá fẹsẹ̀ gbá a, ohun kan á rú jáde bí èéfín. Kì í ṣe èéfín. Irúgbìn rẹ̀ ni, ó kúnná ju èlùbọ́ tí a kù lọ, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e dé tí ilẹ̀ sì gbà á, olú mìíràn lè ti ibẹ̀ hù.

Ìbéèrè tó bí àgbéyẹ̀wò yìí kò gùn rárá: kí ni orúkọ olú yẹn? Ìwé kan á ní Lycoperdon ni. Òmíràn á pè é ní Calvatia, ẹ̀kẹta á ní Bovista ni. Ìyá àgbà tó mọ igbó lójú àti lẹ́nu á sọ bóyá ó ṣeé jẹ, òun náà sì ní orúkọ tó ń pè é. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, síbẹ̀ ìbéèrè náà lè wà níbẹ̀ láìtíì dáhùn. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olú roboto tó ń hù ní ilẹ̀ wa, ilé onílé ni a wò ká tó sọ wọ́n lórúkọ. Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ẹ̀yà tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, àti ohun tí Bìní ní lọ́wọ́ láti fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ilà jọra, ẹ̀jẹ̀ ò jọra

Orúkọ olú nínú ìwé sáyẹ́ǹsì pín sí méjì. Ti ìṣáájú ni orúkọ agbo-ilé, èyí tó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ẹni tí a ń bá wí nínú agbo-ilé náà. Nígbà tí Carl Linnaeus, ará Sweden, to orúkọ àwọn ewéko jọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1753, agbo-ilé kan ṣoṣo, Lycoperdon, ló kó ọ̀pọ̀ olú roboto sí. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Ìsó ìkookò ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti tẹ èyí tó gbó mọ́lẹ̀ rí á mọ ohun tí àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn Linnaeus ni Christiaan Hendrik Persoon dé. Cape, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yúróòpù ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1801 tún ètò orúkọ àwọn olú ṣe débi pé fún ìgbà pípẹ́, òfin ìsọlórúkọ kò ka orúkọ kankan fún olú roboto kún bí kò bá wá láti inú ìwé yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àpérò àwọn onímọ̀ ewéko tó wáyé ní Sydney ní 1981 ló dá ìbẹ̀rẹ̀ náà padà sí 1753.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ikùn ni wọ́n fi ń dá olú roboto mọ̀. Olú alágboòrùn a máa to irúgbìn rẹ̀ sí abẹ́ agboòrùn ní gbangba. Olú roboto a máa pa tirẹ̀ mọ́ sínú títí yóò fi gbó. Wọ́n wá kó gbogbo olú tó ń pa irúgbìn mọ́ sínú di ẹgbẹ́ kan, wọ́n pè wọ́n ní Gasteromycetes, ìyẹn àwọn olú oníkùn. Ojú lásán rí ìdí rẹ̀, ó sì rọrùn láti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ilà kíkọ wọ́pọ̀. Ẹni tó kọ àbàjà ní ìlú kan lè pàdé ẹni tó kọ àbàjà láti ìlú mìíràn lójú ọjà, kí àlejò tó rí wọn rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ilà wọn jọra, ẹ̀jẹ̀ wọn ò jọra. Ohun tí DNA fi hàn nípa àwọn olú oníkùn nìyẹn. Ní 1997, David Hibbett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi DNA wá ìran àwọn olú. Wọ́n rí i pé, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn olú alágboòrùn àti ìbátan wọn ti di oníkùn láìjẹ́ pé ọ̀kan kọ́ ọ lára èkejì.

Bí ẹgbẹ́ ńlá yẹn ṣe tú ká nìyẹn. Lycoperdon, Calvatia àti Bovista wá di ìbátan tímọ́tímọ́ fún Agaricus, olú funfun tí wọ́n ń rọ sínú agolo fún títà. Scleroderma, tí awọ rẹ̀ nípọn tí ó sì le, ti lọ bá ẹbí mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn olú tí abẹ́ wọn ní ihò wẹ́wẹ́ dípò abẹ̀bẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá gbòǹgbò igi gbé. Geastrum, tí awọ òde rẹ̀ máa ń là sílẹ̀ bí ìràwọ̀, ìbátan olú tó ń rùn tó ń pe eṣinṣin ni. Orúkọ Gasteromycetes ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà nítorí ó rọrùn láti pè. Ẹbí kan kọ́ ló ń tọ́ka sí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀kan

Kí DNA tó dé, ọ̀bẹ ti wà, ọ̀bẹ náà sì ni iṣẹ́ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú olú roboto kan tó ṣì funfun, ẹ gbé e sórí pákó, kí ẹ là á láti orí dé ìdí. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé nínú ẹbí Lycoperdon tàbí Calvatia, inú rẹ̀ á funfun látòkè délẹ̀ bíi wàrà tó dì, kò ní sí ilà tàbí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán olú kékeré nínú rẹ̀, tí agboòrùn àti igi rẹ̀ ti ń hàn, ẹ gbé e jù nù kí ẹ sì fọwọ́. Olú alágboòrùn tó ṣì wà nínú ẹyin nìyẹn, ó sì lè jẹ́ Amanita, agbo-ilé tí májèlé àwọn kan nínú wọn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí ẹ̀mí á fi bọ́. Bí awọ bá nípọn, tí inú sì ti dúdú bí aró, Scleroderma ni ẹ mú dání. Èébì àti inú rírun ni ẹni tó bá jẹ ẹ́ máa ń rí.

Ẹ wá wo ìdí èyí tẹ́ ẹ là. Lycoperdon a máa ní ìdí tó ní yàrá wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, irúgbìn kì í sí níbẹ̀. Bovista kì í ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Gbogbo inú rẹ̀ ló ń di lẹ́búlẹ́bú, bí ó bá sì gbó, ó sábà máa ń já kúrò nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa yí i kiri. Ẹ wo ibi tí eruku ń gbà jáde pẹ̀lú. Lycoperdon àti Bovista a máa la ẹnu kékeré kan sí orí. Calvatia kò lẹ́nu, awọ rẹ̀ ló máa ń sán tí yóò sì máa já lulẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ti Calvatia cyathiformis tilẹ̀ ní àmì tí kì í fara sin: lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń dà bí àwọ̀ àlùkò, bí afẹ́fẹ́ bá sì kó o lọ tán, ìdí rẹ̀ á kù sórí koríko bí igbá tí wọ́n mumi nínú rẹ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀.

Ẹnu kékeré orí Lycoperdon yẹn ní iṣẹ́. Ní 1949, onímọ̀ olú kan, P. H. Gregory, fi kámẹ́rà tó ń yára ya àwòrán gan-an wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá kán sórí Lycoperdon perlatum tó gbó. Ẹ̀kán òjò kan máa ń tẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà wọlé, afẹ́fẹ́ inú á gba ẹnu jáde pẹ̀lú irúgbìn, awọ á sì padà sípò kó dúró de ẹ̀kán tó tún ń bọ̀. Òjò tó ń mú kí ará Bìní sá wọ abẹ́ òrùlé ni olú yìí ń lò láti rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́.

Ojú àti ọ̀bẹ lè mú wa dé ẹnu ọ̀nà agbo-ilé. Láti mọ ẹni tó wà nínú yàrá, ó di orí maikirosíkóòpù. Hóró kan nínú lẹ́búlẹ́bú náà kéré débi pé bí ẹ bá to irínwó lé lẹ́gbẹ̀rin wọn (1,200) tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ lè má ju 5 mílímítà lọ. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, òmíràn á dán bíi ìlẹ̀kẹ̀, òmíràn á ní ẹ̀gún ṣóńṣó yíká, òmíràn á ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Àárín wọn ni òwú wà, tó máa ń di eruku náà mú kó má baà tú dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òwú Lycoperdon máa ń gùn lọ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ Bovista ní òwú tó ní ìtì nípọn ní àárín, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ bíi ti igi. Scleroderma kò ní òwú rárá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni onímọ̀ ń wọ̀n, tó ń yà ní àwòrán, tó ń kọ sílẹ̀ kó tó la ẹnu pe orúkọ.

Orúkọ tí a yá

Ní 1964, onímọ̀ olú kan, D. M. Dring, tẹ ìwé kan jáde ní Kew, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn olú oníkùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Títí di òní, òun ni òpó tí ẹni tó bá fẹ́ mọ olú roboto wa ń dì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ẹbí tó wà nínú rẹ̀ ti ṣáájú DNA. Lẹ́yìn rẹ̀, B. A. Oso kọ̀wé ní 1975 lórí olú àti àwọn Yorùbá, ó sì tún kọ òmíràn ní 1977 lórí olú nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìṣègùn wa. Nínú ti 1977 yìí ni a ti rí i pé Calvatia cyathiformis wà lára olú tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò, pàápàá fún àìsàn obìnrin. Ní 2003, S. G. Jonathan àti I. O. Fasidi, ní Yunifásítì Ìbàdàn, yẹ olú roboto méjì tó ṣeé jẹ wò bóyá wọ́n lè dènà àwọn kòkòrò àrùn nínú àwo ìwádìí, wọ́n sì rí i pé wọ́n lè dènà àwọn kan. Lycoperdon pusillum àti Lycoperdon giganteum ni wọ́n pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí délé. Lycoperdon giganteum àti Lycoperdon pusillum, August Batsch, ará Jámánì, ló sọ wọ́n lórúkọ, ní àwọn ọdún 1780. Èyí àkọ́kọ́ ti di Calvatia gigantea láti 1904, èkejì ti di Bovista pusilla. Calvatia cyathiformis, ilẹ̀ Carolina ní Amẹ́ríkà ni Louis Bosc ti rí i tó fi kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1811. Ìyẹn ni pé olú méjì tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ olú Jámánì, èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò sì ń jẹ́ orúkọ olú Amẹ́ríkà.

Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Irúgbìn tó kéré tó báyìí lè bá afẹ́fẹ́ rin ìrìn àjò jíjìn, ó sì pọ̀: onímọ̀ olú kan, Reginald Buller, ṣírò rẹ̀ pé Calvatia gigantea kan ṣoṣo tó tóbi lè ní tó tírílíọ̀nù méje. Ó sì lè jẹ́ pé olú tiwa jọ tiwọn lójú nìkan. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ yẹn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, ìwé náà sì wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo olú. Ẹni tó bá gbé olú Bìní sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí wọ́n kọ nípa olú Jámánì, ìbéèrè tó lè bi ìwé náà ni pé èwo nínú àwọn olú Jámánì ni tiwa jọ jù. Ìwé náà á dáhùn. Ṣùgbọ́n kò ní sọ fún un pé olú yìí kò sí nínú mi.

Ẹ̀rí wà pé nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí ilé. Ìnira ńlá ni olú kan tó ń ba gbòǹgbò igi rọ́bà jẹ́ fún àwọn olóko rọ́bà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Rigidoporus microporus ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru. Ní 2014, Abbot Oghenekaro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA wé èyí tó wá láti Nàìjíríà, Malaysia, Indonesia àti Amẹ́ríkà Gúúsù. Ti Áfíríkà àti ti Éṣíà sún mọ́ra, ti Amẹ́ríkà Gúúsù yàtọ̀. Bí olú tó ń ba owó olóko jẹ́, tí gbogbo ojú ń ṣọ́, bá lè máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀, ti olú roboto tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ gbá ńkọ́?

Bí ẹ̀yà ṣe ń di tuntun

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọjọ́ tí onímọ̀ rí olú nínú igbó ni ẹ̀yà tuntun bẹ̀rẹ̀. Lórí tábìlì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń di tuntun, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2000, wọ́n rí Geastrum kan ní agbègbè Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ọdún 2015 ni J. C. Zamora tó fi DNA àti maikirosíkóòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, ó sì sọ ọ́ ní Geastrum britannicum. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o, níbi tí àwọn èèyàn ti ń to olú jọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ohun tó yọ olú náà ni pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ìpele. Àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá rí olú kọ ohun tí kò ní sí mọ́ bí ó bá gbẹ: àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, bí awọ rẹ̀ ṣe rí, igi tó wà nítòsí, bóyá orí ilẹ̀ ló hù sí tàbí orí igi tó ti jẹrà. Ìkejì, kí ó wá èyí tó ṣì kéré àti èyí tó ti gbó níbi kan náà, nítorí olú roboto tó funfun kì í sọ gbogbo àṣírí rẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́ kó má baà bu. Lẹ́yìn náà ni maikirosíkóòpù kàn, kí DNA tó dé.

Apá kan lára DNA ni wọ́n sábà máa ń kà. ITS ni wọ́n ń pè é. Láti 1990 ni ohun èlò láti fà á yọ ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ní 2012 sì ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fẹnu kò pé kó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ tí gbogbo olú yóò kọ́kọ́ gbé síwájú. Wọ́n á mú ITS olú Bìní lọ sí ibi ìkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo ẹni tó jọ. Níbí ni kí a ti fojú sílẹ̀. Ìkójọ náà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ lọ. Olú Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀, tiwa kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá sì fi orúkọ àṣìpè gbé DNA kan síbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbé àṣìpè náà lọ síwájú. Kò sì sí ìwọ̀n kan pàtó tí a lè gbára lé pé bí ìyàtọ̀ bá ti tó báyìí, ẹ̀yà tuntun ni. Ìyàtọ̀ DNA, ìyàtọ̀ hóró, ìyàtọ̀ òwú, àti ibi tó ń hù sí gbọ́dọ̀ jọ máa sọ ohun kan náà, lára olú tó ju ẹyọ kan lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gún, òfin ìsọlórúkọ ló kù. Kí wọ́n ṣàpèjúwe ẹ̀yà náà ní èdè Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2012 ni Gẹ̀ẹ́sì ti tó. Kí wọ́n gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òfin fọwọ́ sí, bíi MycoBank tàbí Index Fungorum, èyí tó ti di dandan láti 2013. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n sì yan olú gbígbẹ kan, kí wọ́n sọ ibi tó wà, kí ó jẹ́ òun ni orúkọ náà so mọ́ títí ayé. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, olú gbígbẹ yẹn ni adájọ́. Orúkọ tí kò ní olú lẹ́yìn dà bí ilẹ̀ tí kò ní ìwé.

Ẹnu àwọn ará ilé

Bìní kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní Yunifásítì Bìní, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Okhuoya àti àwọn tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ìmọ̀ olú di iṣẹ́ gidi. Ní 2005, E. O. Akpaja, Okhuoya àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan tẹ ìwádìí jáde lórí olú tí àwọn elédè Bìní mọ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, Aihuobabekun lẹ́bàá Ìlú Bìní sì ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2006, O. O. Osemwegie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn olú ńlá agbègbè Ẹdó àti Delta. Ní 2010, òun àti Okhuoya pẹ̀lú àwọn mìíràn tún wo olú inú oko rọ́bà àti ti igbó kan ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún wa ni pé a mọ irú ibi tí a lè padà sí.

Ìmọ̀ ará ilé yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán nínú ìwé. Ẹni tó ń ṣa olú jẹ láti kékeré mọ oṣù tí ó ń hù, ó mọ abẹ́ igi tí ó ń hù sí, ó sì mọ̀ pé èyí tó jọ ọ́ tó hù sí apá ọ̀hún kì í ṣe òun. Bí ìyá méjì bá fi orúkọ méjì pe ohun tí onímọ̀ ń pè ní orúkọ kan, kó lọ yẹ maikirosíkóòpù rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Nílẹ̀ olómìnira Benin, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, àwọn onímọ̀ ti fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn ará Pobè, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó wà. De Kesel, Codjia àti Yorou sì ti gbé odidi ìwé atọ́nà jáde ní 2002 lórí olú jíjẹ ilẹ̀ náà. Ohun tí aládùúgbò lè ṣe kò kọjá agbára wa.

Ìmọ̀ ilé náà ń dáàbò boni. Ọ̀pọ̀ olú roboto ṣeé jẹ nígbà tí inú rẹ̀ bá funfun, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní 1994, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, fa eruku olú roboto símú níbi àríyá kan. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú wọn, àwọn kan nínú wọn sì dèrò ilé ìwòsàn. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń fi olú gbígbẹ ṣeré ìsọlura máa rántí rẹ̀.

Ohun tó kù ní ṣíṣe

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde láti ọgbà ewéko Kew, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2023 ni pé ẹ̀yà olú àti èbu tó wà láyé lè tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Èyí tó ti ní orúkọ lé díẹ̀ ní 150,000. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ni igbó Okomu wà, àti oko rọ́bà Iyanomo, àti oko ọ̀pẹ ilé ìwádìí NIFOR tó ti wà lẹ́bàá Bìní láti 1939, àti koríko Ugbowo pẹ̀lú.

Ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe ẹ̀rọ DNA. Ẹ̀rọ wọ́n, iná ìjọba ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n a lè rán ègé olú kékeré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kà á. Ohun tí a kò lè rán ẹlòmíràn níṣẹ́ rẹ̀ ni ìpamọ́. Kew ní olú gbígbẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú àwọn àpótí rẹ̀, èyí tí wọ́n kó láti Áfíríkà wà lára wọn. Ọmọ Bìní tó bá fẹ́ wo olú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn lè ní láti gba físà. Bí a bá kó olú jọ fún ìwádìí òògùn, tí a lò ó tán tí a kò pa ọ̀kan mọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ́la bóyá Lycoperdon giganteum ni lóòótọ́ kò ní ní ohun tó lè fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ náà á wà, a kò sì ní lè sọ olú tí iṣẹ́ náà jẹ mọ́.

Ìpamọ́ kò sì gba owó rẹpẹtẹ. Yàrá gbígbẹ kan tí kòkòrò kò lè wọ̀, àpótí, àpò ìwé, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ wọn, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì dúró lórí pé ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba oyè lórí iṣẹ́ olú láìfi olú gbígbẹ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a lè fi wá a.

Òfin ìsọlórúkọ kò sọ pé inú èdè Látìn nìkan ni a ti lè mú orúkọ. A lè mú un láti inú èdè èyíkéyìí, kí a kàn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Látìn. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹnì kan ní Ugbowo sì rí ohun funfun roboto lórí koríko, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó là á, kó gbẹ ẹ́, kó fi í sínú àpò ìwé. Kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sára àpò náà. Kó sì mú un tọ ìyá kan tó gbọ́ Ẹdó lọ, kó bi í pé, "Ìyá, kí lẹ ń pe èyí?" kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sí abẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá wá já sí ẹ̀yà tí ayé kò tíì mọ̀, lẹ́yìn ọdún kan tàbí ogún ọdún, orúkọ tó tọ́ sí i ti ń dúró dè é lára àpò ìwé yẹn.